Ọkọ̀ ojú omi ti ń parí lọ, tírélà tí yóò gbé e ló fẹ́ fojú mi rí màbo

Tíṣà_Ìtókò:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jó irin. Ẹ dákun, ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ni ará Abẹ́òkúta fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìyàwó mi ti bi mí, ìyá mi ti bi mí, káńsílọ̀ wa náà bi mí nígbà tó wá tọrọ ìbò. Dáàmù Ọ̀yán wà níbẹ̀ látìgbà tí Ààrẹ Shagari ti ṣí i ní 1983, ó sì sún mọ́ mi ju Èkó lọ. Orí adágún ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé láti lọ dẹ ìwọ̀.

Ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ibi tó ti fẹ̀ jù lọ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Èmi fúnra mi ni mo kàn án, lábẹ́ ìbòrí tó yẹ kí mọ́tò ìyàwó mi máa sùn sí (ẹ má dá sí ìyẹn, a ti yanjú ẹ̀). Mo gé pákó pẹlẹbẹ sí bátànì, mo fi wáyà rán wọn pọ̀ létí létí, mo fi epoxy (àtè olómi tó ń gan le) àti aṣọ fáíbà di ojú rírán náà nínú àti lóde, lẹ́yìn náà ni mo yọ wáyà. Iṣẹ́ igi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ìyẹn ni kò jẹ́ kí apá yìí ká mi lára. Igi ọ̀gànwó ni mo fi ṣe egungun inú rẹ̀. Ògiri ìdí, níbi tí ẹ́ńjìnnì máa kọ́ sí, pákó mílímítà 18 méjì ni mo lẹ̀ pọ̀ kó lè nípọn. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún jẹ́ Yamaha tokunbọ̀ ti agbára ẹṣin 15, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú.

Nǹkan méjì ló dá mi dúró báyìí.

Àkọ́kọ́ ni abẹ́ ọkọ̀. Pákó tí wọ́n ń pè ní marine board lọ́jà ni mo lò, èyí dúdú tó ń dán lójú yẹn. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí mo kùn sábẹ́ rẹ̀ kò dúró. Ẹ fi èékánná kan fà á, á bọ́ wá bí èèpo iṣu sísè. Ibi tí fáíbà wà létí oríkèé kò ṣe ohunkóhun, àárín ibi pẹrẹsẹ ni wàhálà ọ̀hún wà.

Ìkejì ló ń bí mi nínú. Mo gbé iṣẹ́ tírélà fún wẹ́dà kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo ya àwòrán fún un, mo kọ ìwọ̀n sí i, mo ra ásùlù ẹ̀yìn (irin ìdábùú tó so táyà méjèèjì pọ̀) ti Golf 3 tokunbọ̀ pẹ̀lú táyà rẹ̀. Ó wo àwòrán mi títí, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀.” Kí n tó padà dé, ó ti gbé ásùlù sí àárín gbùngbùn férémù, ó ti jó o mọ́ ọn pátápátá. Ó ní àárín ló bójú mu jù. A gbé ọkọ̀ lé e, kò sí nǹkan kan. A wá gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ìdí ọkọ̀, ló bá di pé ọ̀pá ìfà iwájú gbéra nílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbá ọmọ àbúrò mi lágbọ̀n, ìdí ọkọ̀ sì lọ kanlẹ̀. Mo pe wẹ́dà. Ó ní kí n máa di yanrìn sínú àpò kí n gbé e síwájú ọkọ̀. Yanrìn! Ọkọ̀ tí mo ti ń fá lára títí kó lè fúyẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ibo gan-an ló yẹ kí ásùlù wà? Ṣé dandan ni kí n gé e? Kẹ́ ẹ sì rántí pé Láfẹ́nwá ni mo máa gbà kọjá, ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

Wẹ́dà_Adátán:

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú sùúrù. Tírélà jẹnẹrétọ̀ àti ti tánkì omi ni èmi ń jó, ti ọkọ̀ ojú omi kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ìṣirò kan náà ni. Ọ̀rọ̀ yanrìn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín títí. Ẹ má gbé yanrìn kankan síbẹ̀ o.

A kì í wo àárín férémù ká tó gbé ásùlù sí i. Àárín ẹrù, ìyẹn ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti pín dọ́gba, là ń wò, ẹ̀yìn àárín ẹrù náà díẹ̀ la ó sì gbé ásùlù sí. Ọkọ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ìdí, ẹ̀yìn ló ti wúwo. Nínú ìwọ̀n gbogbo rẹ̀, ìyẹn tírélà, ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti epo, ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó já lé ẹnu ọ̀pá ìfà. Bó bá kéré síyẹn, ẹ ò ní fura nígbà tẹ́ ẹ bá ń rọra yí kiri Pánṣẹ́kẹ́. Ìgbà tẹ́ ẹ bá bọ́ sí títì tẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, tí á máa fa ìdí mọ́tò yín dání. Ibi tí mọ́tò ti ń dojú dé nìyẹn, àgàgà bí ẹni tó ń wà á bá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, tó tẹ bíréèkì lójijì. Bó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀yìn mọ́tò á wọlẹ̀, iná iwájú á máa wo òkè, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní ti ásùlù Golf yẹn gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Irin àárín rẹ̀ kì í ṣe ọ̀pá gbọnrangandan, ó la ẹnu lábẹ́. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kó máa lọ́ díẹ̀ bí táyà kan bá wọ kòtò tí ìkejì kò wọ̀ ọ́. Apá méjèèjì tó na síwájú ló yẹ kó máa mì lókè nílẹ̀ lórí rọ́bà wọn, kí sìpíríìnì sì wà lókè. Bó ti wá jó o pa mọ́ férémù yẹn, kò sí sìpíríìnì, kò sí ìmì. Gbogbo kòtò tí táyà bá wọ̀, ojú ibi tí wọ́n jó ló máa gbà á, lẹ́yìn náà abẹ́ ọkọ̀ yín. Á là lọ́jọ́ kan.

Torí náà, ẹ gé e ni mo máa sọ. Kò ní ṣòfò. Irin kúkúrú tó gbé họ́ọ̀bù (ibi tá a ń de táyà mọ́) létí ásùlù Golf, bóòtù mẹ́rin ló dì í mú lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú u. Ẹ wá ra irin onígun mẹ́rin tó nípọn, kí wọ́n jó irin pẹlẹbẹ sí etí rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n lu ihò mẹ́rin síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi bóòtù de họ́ọ̀bù yẹn mọ́ ọn padà. Táyà yín kan náà lẹ máa lò. Fún sìpíríìnì, ẹ wá ti ẹ̀yìn kòròpé, èyí ẹlẹ́wé. Ó le jù fún ẹrù yín, ẹ yọ ewé kan tàbí méjì kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún jó ibi tí sìpíríìnì dì mú mọ́ férémù. Bóòtù ni kẹ́ ẹ fi dè é, kẹ́ ẹ lè sún un síwá sẹ́yìn títí ìwọ̀n á fi bọ́ sí i.

Ẹ sọ fún mi, kìlógíráàmù mélòó ni gbogbo rẹ̀, báwo ni ásùlù ṣe jìnnà sí ẹnu ọ̀pá, kí ló sì ń gbé ẹnu ọ̀pá náà wálẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá wà nídìí? Mo máa bá yín ṣírò ẹ̀.

Ẹ̀gbá_Kòlàyà:

Àwa tó wà ní Ìdí-Abà ń wá omi tá a máa fi wẹ̀, Tíṣà ń kan ọkọ̀ ojú omi. Tírélà yẹn, bẹ́ ẹ bá jó o tán, kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbé ẹ̀yin fúnra yín lọ sí Aró.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ má dá ẹni yẹn lóhùn jàre. Ìdílé akànkọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti pákó.

Marine board tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ pákó káàkiri ilẹ̀ yìí, àwọn tó ń da kọnkéré ló ni ín. Awọ dúdú tó ń dán yẹn, ìdí tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni pé kí sìmẹ́ńtì má baà gbá pákó mú. Ohun tí sìmẹ́ńtì kò lè gbá mú, ọ̀dà náà kò lè gbá a mú. Ibi tí fáíbà yín ti dúró létí oríkèé, mo mọ̀ pé ẹ ti fá a débi igi kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló kù fún àárín. Sáńpépà nọ́ńbà 60 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi 80 parí ẹ̀, títí gbogbo dúdú á fi lọ tí ojú igi á fi hàn. Ẹ fi nǹkan bo imú, eruku rẹ̀ kò dára.

Ẹ tún ṣe ìdánwò yìí kẹ́ ẹ tó náwó sí i. Ẹ wá àjákù pákó yẹn, ẹ sè é nínú ìkòkò tó ń hó fún wákàtí mélòó kan, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ wo etí rẹ̀. Bí ìpele rẹ̀ bá ń ṣí, àtè inú rẹ̀ kì í ṣe ti omi, àfi kẹ́ ẹ fi fáíbà bo gbogbo abẹ́ rẹ̀ láìku ibì kan, kẹ́ ẹ sì fi epoxy mu gbogbo ojú ibi tẹ́ ẹ ti fi ayùn gé. Bí kò bá ṣí, ẹ ṣì fi fáíbà fẹ́lẹ́ bo abẹ́ rẹ̀ nítorí òkúta àti iyanrìn èbúté.

Ẹ ti fi epoxy bẹ̀rẹ̀, epoxy ni kẹ́ ẹ fi parí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta rẹ́síìnì polyester fún yín, èyí tí wọ́n fi ń ṣe tánkì, torí owó pọ́ọ́kú. Kì í dúró dáadáa lórí epoxy. Bí epoxy bá gan tán, nígbà òjò pàápàá, ẹ máa rí nǹkan kan tó ń yọ̀ lójú rẹ̀, bí ẹ bá fọwọ́ pa á ẹ ó mọ̀. Omi lásán àti kànìnkànìn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó fi sáńpépà kàn án. Bẹ́ ẹ bá fi sáńpépà kọ́kọ́ kàn án, ẹ kàn ń pa á mọ́ inú ni, ọ̀dà á tún ṣí. Bákan náà, pọ́tì àwọn panẹ́ẹ̀lì-bítà kò gbọ́dọ̀ dé abẹ́ ọkọ̀, omi ló ń mu.

Bí ẹlòmíràn bá ń ka èyí tó jẹ́ polyester ló ń lò: kátálíìsì àti cobalt, kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè gan, kò gbọ́dọ̀ kanra wọn tààrà láé. Ẹ kọ́kọ́ po cobalt mọ́ rẹ́síìnì, kó pòpọ̀ dáadáa, kátálíìsì ló máa kẹ́yìn, gíráàmù 10 sí 20 fún kìlógíráàmù rẹ́síìnì kan. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ife kan ṣoṣo láìsí rẹ́síìnì, ó lè gbiná, ó lè bú gbàmù. Inú ìgò tó jọra ni wọ́n sì ń tà wọ́n fún wa lọ́jà, ẹ kọ orúkọ sí tiyín lára.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá kúkúrú yẹn ń fẹ́ ògiri ìdí tó ga ní íǹṣì 15. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pọ̀pẹ́là ló yẹ kó ṣe déédéé pẹ̀lú abẹ́ ọkọ̀, tàbí kó lọ sílẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Bó bá ga jù, pọ̀pẹ́là á máa bu afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo lásán. Bó bá jẹ́ èyí tó ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo (two-stroke), ọ́ìlì ọkọ̀ ojú omi ni kẹ́ ẹ pò mọ́ ọn, kì í ṣe ti ọ̀kadà: bí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá ìgbà tuntun rẹ̀, ìdajì lítà ọ́ìlì fún lítà epo 25.

Èèyàn mélòó lẹ fẹ́ máa kó?

Tíṣà_Ìtókò:

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín. Mo ti sè é. Ìyàwó mi bá mi nídìí ìkòkò, ó ṣí i, ó rí pákó, ó dé e padà, kò sọ̀rọ̀. Pákó náà kò ṣí o, etí rẹ̀ gbá ara wọn mú ṣinṣin. Sáńpépà ló kù, àwọn ọmọ SS2 sì ti ní iṣẹ́ nìyẹn. Èèyàn mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn, àwọn ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ka ara wọn mọ́ ọn.

Ẹ̀gbá Kòlàyà, omi tẹ́ ẹ ń wá ní Ìdí-Abà yẹn, inú Odò Ògùn ni ẹ̀rọ Arákàńgà ti ń fà á, nítorí náà ọ̀rọ̀ odò kan ẹ̀yin náà. Aró tẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n gbé mi lọ, èbúté ni ní àtijọ́. Kí rélùwéè tó dé, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù láti Èkó gba Odò Ògùn wá já síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi dé Aró, màá kàn sọ̀kalẹ̀ sómi ni.

Wẹ́dà Adátán, ẹ wo ìwọ̀n mi: ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó kìlógíráàmù 130, ẹ́ńjìnnì 40, epo pẹ̀lú táńkì àti ìdákọ̀ró ń lọ sí 25, férémù àti táyà 105. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300. Láti ásùlù dé ẹnu ọ̀pá jẹ́ mítà 3. Fún ìbéèrè yín ìkẹta, mo so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ẹnu ọ̀pá, mò ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tó bíi lítà 15 ló tó wálẹ̀ tó sì dúró gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ṣé kò ṣeé ṣe kí n fi ásùlù sílẹ̀ níbẹ̀ kí n sún ọkọ̀ síwájú lórí férémù? Ojú ibi tí ọkùnrin yẹn jó yẹn kì í ṣe kékeré, owó gígé rẹ̀ ń dùn mí.

Wẹ́dà_Adátán:

Kẹ́ẹ̀gì yẹn wù mí. Ẹ̀yin tíṣà náà lẹ lè ronú irú ẹ̀.

Sísún ọkọ̀ síwájú kò ní gbà yín, ìdí rẹ̀ sì rèé. Ògiri ìdí ọkọ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jókòó lé orí igi tírélà gan-an, kí òpin igi náà àti ìdí ọkọ̀ ṣe déédéé. Bẹ́ ẹ bá sún ọkọ̀ síwájú, igi á gùn kọjá ìdí ọkọ̀, á máa di ọ̀pá ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Imú ọkọ̀ náà á sì súnmọ́ ẹ̀yìn mọ́tò jù, ẹ ò ní lè kọ́nà láìfọ́ gíláàsì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà níbi tó wà, ásùlù ló máa rìn.

Ẹ̀ka ìṣirò yín rèé. Lítà omi 15 jẹ́ kìlógíráàmù 15, ìyẹn ni agbára tó ń gbé ẹnu ọ̀pá sókè dípò kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. 15 lọ́nà mítà 3, kẹ́ ẹ pín in sí 300, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15. Ìyẹn ni pé àárín ẹrù yín wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sẹ́yìn ásùlù. À ń fẹ́ bíi kìlógíráàmù 25 lórí ọ̀pá, torí náà àárín ẹrù gbọ́dọ̀ wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 28 síwájú ásùlù. Ẹ rò wọ́n pọ̀: ásùlù máa rìn sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 43. Ẹ lu ihò bóòtù síbẹ̀, kẹ́ ẹ lu òmíràn síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ìwọ̀ àti kúlà yín sínú ọkọ̀, ìwọ̀n á tún yí díẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá máa wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn lórí yẹn ti tó. Ẹ gbé ẹnu ọ̀pá lé e, àmọ́ kẹ́ ẹ ki nǹkan sábẹ́ òṣùwọ̀n títí ẹnu ọ̀pá á fi ga tó ibi tó máa ga dé lẹ́yìn mọ́tò. Bó bá lọ sílẹ̀ tàbí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà tó máa gbé jáde kò ní jẹ́ òótọ́.

Igi tí ọkọ̀ jókòó lé, ìrókò ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù wé e, kẹ́ ẹ kan ìṣó kápẹ́ẹ̀tì láti abẹ́, kí ojú ìṣó má kan ọkọ̀. Ẹ̀wọ̀n ààbò méjì, ẹ fi wọ́n ṣe àgbélébùú lábẹ́ ọ̀pá ìfà. Bí ọ̀pá bá yọ lórí bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí mọ́tò, orí ẹ̀wọ̀n yẹn ló máa já lé, kò ní fimú gbẹ́ títì. Tẹ́ ẹ bá sì dé Ọ̀yán, ẹ má sáré ti họ́ọ̀bù wọ omi. Gíríìsì inú rẹ̀ ti gbóná lọ́nà. Bó bá pàdé omi tútù lójijì, ó máa fa omi sínú, béárìn á dípẹtà láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú okùn, ẹ kó ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ yọ wáyà iná tírélà lára mọ́tò, ẹ jẹun díẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan họ́ọ̀bù tí kò gbóná mọ́ ni kẹ́ ẹ tó tì í.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:

Mẹ́fà kọ́ o, Tíṣà. Ìṣirò kan wà fún irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀: ẹ fi gígùn rẹ̀ ṣe ìlọ́po ìbú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, kẹ́ ẹ pín in sí 15. Tiyín jẹ́ 70, ẹ pín in, kò pé 5. Èèyàn mẹ́rin. Bí àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín bá sì rí bí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ṣe rí lára, mẹ́ta.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó wà lọ́rùn, kì í ṣe lábẹ́ ìjókòó. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ láìwọ̀ ọ́, wọn ò sì fẹ́ ìrìn òru. Abẹ́ ìjókòó náà, ẹ ki kẹ́ẹ̀gì òfìfo tẹ́ ẹ ti de ẹnu rẹ̀ dáadáa síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi pákó bò ó kó má baà jáde. Bí ọkọ̀ bá kún fómi, lítà afẹ́fẹ́ kan á gbé bíi kìlógíráàmù kan dúró. Fóòmù funfun tó máa ń bá tẹlifíṣọ̀n wá nínú páálí kò dára, pẹtiróòlù tó bá dà sí i á yọ́ ọ dànù.

Nọ́ọ̀sì_Alábàtà:

Ẹ kú àsọyé. Gbogbo yín ń sọ ti irin àti pákó, kò sẹ́ni tó sọ ti omi fúnra rẹ̀.

Àtọ̀sí ajá (schistosomiasis) wà ní Ọ̀yán. Àwọn olùwádìí ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ní Abúlé Títun, Ìbarò, Ìmàlà Odò àti àwọn abúlé míì tó yí adágún náà ká. Ìgbín kékeré inú omi ló ń tú kòkòrò rẹ̀ sílẹ̀, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé, kò nílò egbò, ẹ ò sì ní láti mu omi náà. Etí omi tí kò jìn, níbi tí koríko wà, ló pọ̀ sí jù. Ibẹ̀ gan-an sì lẹ máa dúró sí láti ti ọkọ̀ sómi. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú, ni ìgbín náà ń tú u sílẹ̀ jù.

Nítorí náà, Tíṣà, ẹ wá bọ́ọ̀tù rọ́bà gígùn, èyí tó dé itan bẹ́ ẹ bá rí i. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ SS2 yẹn bọ́ sómi pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Bí omi bá kàn yín, ẹ tètè fi aṣọ nù ún gbẹ, ẹ má jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ yẹ ìtọ̀ wò ní ọsibítù. Praziquantel ń wò ó, àmọ́ dókítà ló máa sọ iye tí ẹ máa lò. Kò sí àgbo kankan níbẹ̀ o, mo mọ àwọn ọmọ ìyá mi.

Ẹ tún gba ọ́fíìsì Ogun-Oshun River Basin ní ọ̀nà Alábàtà kọjá, àwọn ló ni dáàmù náà. Ó sàn kí wọ́n mọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ dé, ju kí ẹ̀ṣọ́ wọn bá yín lójú omi.

Tíṣà_Ìtókò:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́ọ̀sì, mi ò tiẹ̀ ronú kan ìyẹn rárá. Mo ti lọ sí Kútọ̀, mo ti ra bọ́ọ̀tù rọ́bà méjì, aláwọ̀ ewé, ti àwọn tó ń gbá kọ́tà. Ó dé orúnkún nìkan, màá ṣì wá èyí tó gùn.

A ti gé ásùlù. Wẹ́dà míì ni mo gbé e fún, ọmọkùnrin kan tó ka ohun tí mo kọ sínú ìwé láìsọ pé kí n fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ bóòtù mẹ́rin tí Wẹ́dà Adátán sọ, bó ṣe sọ ọ́ náà la bá a: a bá ìpẹtà níbẹ̀, a fi epo dísẹ́ẹ̀lì rẹ ẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó tú. A rí sìpíríìnì kòròpé, a yọ ewé méjì. A sún un sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 43, a gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ ẹnu ọ̀pá, kìlógíráàmù 24 ló kọ. Àbúrò mi fi Sienna rẹ̀ fà á lọ sí Láfẹ́nwá, ó gba orí afárá kọjá, ó yí padà. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ojú mi kò kúrò lára táyà. Kò ju ìdí. Níbi tí títì ti bàjẹ́ yẹn, táyà ọ̀tún wọ kòtò, ó jáde, ọkọ̀ kàn mì díẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́kadà ń ki mí ní “Kápútéènì”.

Abẹ́ ọkọ̀ ti funfun tán, sáńpépà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Sàpọ́n nítorí mi. Fáíbà ló kù, mo ń dúró kí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀. Ìyàwó mi ti ní àwọ̀ kan lọ́kàn, èmi náà ní òmíràn, ìyẹn kò kan yín.

Ìbéèrè kan ló kù: Wẹ́dà Adátán, nọ́ọ̀tì táyà àti bóòtù sìpíríìnì, ṣé kí wọ́n jó o díẹ̀ kó má baà tú lójú ọ̀nà? Ẹnì kan ló gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà_Adátán:

Rárá o! Ta ló tún sọ bẹ́ẹ̀? Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá jó, báwo lẹ ṣe máa pààrọ̀ táyà bó bá jó lójú ọ̀nà? Nọ́ọ̀tì tó ní ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) nínú ni kẹ́ ẹ lò fún sìpíríìnì, kì í tètè tú. Ti táyà, ẹ fún un gbọn-in, ẹ wakọ̀ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún un fún, torí ibi tuntun máa ń jókòó sínú ara rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé Ọ̀yán, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó padà.

Ẹni tó sọ pé kẹ́ ẹ jó o yẹn, ṣé kì í ṣe oníyanrìn ọjọ́sí?

Tíṣà_Ìtókò:

Òun ni.